Ìdí Tí Abúramúramù Fi Ń Jókòó Níwájú Panumọ́

Nígbà láéláé, nígbà tí iná mànàmáná ṣì jẹ́ ọmọdé, tí kò tí ì mọ ọ̀nà ilé gbogbo ènìyàn, àwọn àpótí ohùn kì í gbé orí ilẹ̀. Orí àga gbọọrọ ni wọ́n ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó bá ń ta gìtá, bí ìjòyè ṣe ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara wọn. Wọ́n ní ẹnu, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wù wọ́n.

Iṣẹ́ wọn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ènìyàn bá ta okùn gìtá, ohùn rẹ̀ á gba inú wáyà dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ lórí àga. Ìyẹn á ṣe tirẹ̀ sí i, á gbé e fún ẹnìkejì. Ẹnìkejì náà á ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà á máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí yóò fi dé inú sípíkà ńlá, tí sípíkà á wá gbé e jáde fún aráyé.

Abúramúramù wà nínú wọn. Bí ohùn gìtá bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó tinrín bí òwú, yóò gbé e mì, yóò sì pọ̀ ọ́ jáde bí ìgbà tí kìnnìún bá bú. Àwo á máa wárìrì lórí pẹpẹ. Ewúrẹ́ á já okùn. Gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Abúramúramù kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò mọ bí a ṣe ń dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kan okùn, inú rẹ̀ á máa hó, ṣììì, bí epo tó wà lórí iná. Bó bá jókòó, á máa hó. Bó bá sùn, á máa hó. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ kí wọ́n máa ta gìtá ṣáá. Nígbà tó bá ń bú, kò sí ẹni tó ń gbọ́ híhó náà. Òun pàápàá kì í gbọ́ ọ.

Ní àsìkò yìí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Moróunkéjì wà ní ìlú Òkè-Ẹwìrì, gìtá ló sì ń ta. Ògúnríndé, bàbá rẹ̀, ni olórí àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú náà. Láti kékeré ló ti ń lu irin, ariwo irin náà sì ti jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Nígbà tí Moróunkéjì fi dàgbà, bàbá rẹ̀ kò gbọ́ ohunkóhun mọ́. Bí ààrá bá sán, àfi kó wo ojú ọ̀run kó tó mọ̀.

Síbẹ̀, kì í kúrò ní ilé àgbẹ̀dẹ. Yóò bọ́ bàtà sílẹ̀, yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, yóò sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí. Ó ń fi ẹsẹ̀ gbọ́ bí òòlù àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń bọ́ lórí irin ni. Bí ẹnì kan bá ṣì í lù, á mi orí. Bí ẹnì kan bá lù ú dáadáa, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àwẹ̀ró, ìyá Moróunkéjì, ti kú. Nígbà ayé rẹ̀, bó bá gbé oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àgbẹ̀dẹ, á máa kọrin:

Alágbẹ̀dẹ, rọra lù ú,
Irin náà ní ẹ̀mí nínú.
Alágbẹ̀dẹ, sinmi ná,
Oúnjẹ rẹ ti ń tutù.

Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, Àwẹ̀ró á dákẹ́ díẹ̀. Ògúnríndé á wá fi òòlù dáhùn: gbàgà. Bẹ́ẹ̀ ni tọkọtaya náà ṣe ń bá ara wọn ṣeré níwájú gbogbo ènìyàn, ojú kì í sì í tì wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Ògúnríndé pe ọmọ rẹ̀.

“Moróunkéjì,” ó wí, “nígbà tí oṣù tuntun bá lé, wọ́n máa gba òòlù lọ́wọ́ mi, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Apá mi ò ká a mọ́. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohùn ìyá rẹ ló ń dùn mí. Ó ti ń parẹ́ mọ́ mi lọ́kàn. Mo rántí ọ̀rọ̀ orin yẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń kọ ọ́, mi ò rí i mú mọ́.”

Moróunkéjì di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un, nítorí kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu. Òun yóò fi gìtá òun kọ orin ìyá òun ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń gba òòlù náà. Orin tí yóò sì dé ẹsẹ̀ bàbá òun kò lè jẹ́ orin jẹ́jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ le. Ó gbọ́dọ̀ gba inú ilẹ̀ kọjá.

Ló bá ránṣẹ́ sí àwọn àpótí ohùn. Wọ́n wá, ilé kún.

Olómi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ń ṣàn bí odò tó gba orí òkúta kọjá, ó tutù, ó sì ń dán. Moróunkéjì tẹ́tí sí i títí ó fi parí.

“Ohùn rẹ dùn gan-an,” ó wí. “Ṣùgbọ́n bàbá mi kò lè fi ẹsẹ̀ gbá omi mú. Jọ̀ọ́, má bínú.”

Olómi kò bínú. Ó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi irú sí. Ó kí wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Agbọ̀nrìrì wá tẹ̀lé e, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí ewé. Moróunkéjì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà, ó sì ní kó máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni Abúramúramù sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bú, erùpẹ̀ bọ́ lára ògiri. Moróunkéjì ní, “Ìwọ ni mò ń wá.” Inú Abúramúramù dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé pé òun ń hó.

Moróunkéjì tún mú Atọ́hùn. Atọ́hùn kéré, ojú rẹ̀ sì mú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sọ bí okùn kan bá ròkè jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù. Kì í purọ́, kì í sì í tan ẹnikẹ́ni.

Ó sì mú Gbohùngbohùn. Àgbà ni Gbohùngbohùn. Àárín àpáta ni wọ́n bí i sí, kí ènìyàn tó kọ́ ilé àkọ́kọ́. Ohun tí a bá sọ fún un, yóò sọ ọ́ padà, yóò tún un sọ, yóò tún un sọ, títí yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó wá ku ẹnì kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Kí ni orúkọ rẹ?” Moróunkéjì bi í.

“Panumọ́ ni mò ń jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ.”

Panumọ́ dákẹ́. Gbogbo wọn dúró dè é. Ó ṣì dákẹ́.

“Mo ti ṣe tán,” ó wí.

Àwọn tó wà nílé bú sẹ́rìn-ín. Abúramúramù ni ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù. “Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́,” ó wí. “Ṣé ìdákẹ́ ló fẹ́ fi ta orin líle?”

Moróunkéjì kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà kò mọ ohun tí yóò fi Panumọ́ ṣe. “Orin tó ń mi ilẹ̀ ni mo fẹ́ ta,” ó wí. “Mi ò tí ì mọ ibi tí màá fi ọ́ sí.”

“Kò burú,” ni Panumọ́ wí. “Mo máa jókòó síta níbí.” Ó sì jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà tó di ọ̀rọ̀ ìjókòó, wàhálà ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ súnmọ́ gìtá. Moróunkéjì kò fẹ́ ìjà, ó ní kí wọ́n fi ọjọ́ orí jókòó. Gbohùngbohùn, tó jẹ́ àgbà, jókòó sí ipò kìíní. Abúramúramù tẹ̀lé e. Atọ́hùn, àbíkẹ́yìn wọn, ló wà ní ìkángun, lẹ́bàá sípíkà. Lójú tiwọn, kò sí ohun tó tọ́ ju ìyẹn lọ.

Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ láti dán an wò. Panumọ́ tẹ̀ lé wọn, ó tún jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ògúnríndé jókòó, ó bọ́ bàtà. Moróunkéjì fi wáyà so wọ́n pọ̀, ó sì ta okùn tó nípọn jù lọ.

“Alágbẹ̀dẹ,” ni gìtá wí.

“Alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ,” ni Gbohùngbohùn wí, ó sì da gbogbo rẹ̀ lé Abúramúramù lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Abúramúramù kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbé mì. Ló bá gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ohun tó jáde kò ní orí, kò ní ìdí. Ó kàn ń rọ́ gììrì gììrì ni. Gìtá ti dé ìlà kejì, ìlà kìíní kò tí ì tán. Níbi tí Àwẹ̀ró ti máa ń dákẹ́, híhó Abúramúramù ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Àti pé okùn kan ti yẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Atọ́hùn ń gbìyànjú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ibi tó wà, kò lè mọ okùn yàtọ̀ sí ariwo.

Nígbà tí Moróunkéjì ta á tán, ó wo ojú bàbá rẹ̀. Ògúnríndé fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀, ó sì wo ojú ọ̀run láti ẹnu ọ̀nà.

“Ilẹ̀ ń gbọ̀n,” ó wí. “Ṣé òjò ńlá ló ń bọ̀ ni?”

Nígbà tó wá rí ojú ọmọ rẹ̀, ó yé e. Ó fi ọwọ́ pa á lórí. “Má bínú, ọmọ mi,” ó wí. “Gbígbọ̀n yẹn dára. Ó kàn jẹ́ pé mi ò rí ìyá rẹ nínú rẹ̀.”

Moróunkéjì gbé ìkòkò, ó lọ sí odò. Kì í ṣe omi ló ń wá. Ibi tí ojú ènìyàn kò sí ló ń wá.

Nígbà tó lọ, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí àga.

“Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́,” ni Abúramúramù sọ fún Gbohùngbohùn. “Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni wọ́n fún yín, ẹ̀yin sì da agbo ọ̀rọ̀ bò mí. Ta ló lè jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀?”

“Ìwọ ń bá mi sọ̀rọ̀?” Gbohùngbohùn dáhùn. “Èmi ń tún ọ̀rọ̀ sọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá parí, mo máa ń parí. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo parí rí? Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ rárá, ò ń hó. Ṣé o rò pé a kì í gbọ́ ọ ni?”

Ilé dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbọ́. Ṣììì.

Abúramúramù gbìyànjú láti pa á mọ́ra. Ó fún ara rẹ̀ pọ̀. Híhó náà kò dín. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè wo ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó wọ́ ara rẹ̀ lọ síta, ó sì jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó gbójú sókè, Panumọ́ ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó rò pé Panumọ́ yóò fi òun rẹ́rìn-ín. Panumọ́ kò rẹ́rìn-ín.

“Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe ọ́?” Panumọ́ bi í.

“Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi,” ni Abúramúramù wí. Kò tí ì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. “Mi ò mọ ibi tó ti ń wá. Ṣé o lè mú un kúrò?”

“Rárá. Agbára rẹ àti híhó rẹ, inú kan náà ni wọ́n ti wá. Bí mo bá yọ ọ̀kan, èkejì á bá a lọ. Ṣùgbọ́n mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ọ.”

“Dúró lẹ́nu ọ̀nà kẹ̀? Báwo?”

“Kí n jókòó sẹ́yìn rẹ. Bí okùn bá sọ̀rọ̀, màá ṣílẹ̀kùn, kí o bú bó ṣe wù ọ́. Bí okùn bá dákẹ́, màá tìlẹ̀kùn.”

Ẹ̀rù ba Abúramúramù. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti rò pé bí ohùn òun bá dákẹ́, òun ti kú nìyẹn. “Ṣé ó máa ń dunni?” ó béèrè.

“Wá wò ó,” ni Panumọ́ wí.

Abúramúramù sún síwájú rẹ̀. Panumọ́ tìlẹ̀kùn.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ayé parọ́rọ́ létí Abúramúramù. Kò kú. Ó ń gbọ́ nǹkan. Ó gbọ́ ẹwìrì tó ń mí nínú ilé àgbẹ̀dẹ, fìì, fìì. Ó gbọ́ adìẹ tó ń ha ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ ẹnì kan tó ń ti ọ̀nà odò bọ̀ láìyára, ó sì mọ̀ pé Moróunkéjì ni, àti pé ó ti sunkún tán. Ó ti ń bá ọmọ yìí ṣiṣẹ́, kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

“Ṣé bí ayé ṣe rí nìyí?” ó béèrè ní jẹ́jẹ́.

“Bó ṣe rí nìyẹn,” ni Panumọ́ wí.

Àwọn méjèèjì jọ wọlé. Abúramúramù dọ̀bálẹ̀ níwájú Gbohùngbohùn.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi,” ó wí. “Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín léèrè. Bí ìgbìmọ̀ bá jókòó, ta ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?”

“Àgbà ni,” Gbohùngbohùn dáhùn. “Ọmọdé á sọ tirẹ̀, àwọn tó tẹ̀lé e á sọ tiwọn. Bí gbogbo wọn bá sọ tán ni àgbà á wá kó o jọ, á sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.”

“Kí ló wá dé tí a fi ní kí ẹ̀yin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?”

Gbohùngbohùn ronú sí i. Ó ronú pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó dìde fúnra rẹ̀, ó kúrò ní ipò kìíní, ó sì lọ jókòó sí ìkángun, lẹ́bàá sípíkà.

“Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí èmi wà níwájú,” ni Atọ́hùn wí, inú rẹ̀ sì ti ń bí i láti àárọ̀. “Bí okùn bá purọ́ tí mi ò sí níbẹ̀ láti mú un, ẹ̀yin yòókù á kàn máa fi agbára gbé irọ́ kiri ni.”

Nígbà tí Moróunkéjì wọlé, ó bá wọn ní ìjókòó tuntun: Atọ́hùn, Abúramúramù, Panumọ́, Gbohùngbohùn. Ó wò wọ́n títí. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó sì mú gìtá.

Atọ́hùn sọ okùn tó yẹ̀ náà, Moróunkéjì sì tún un ṣe. Abúramúramù bú. Panumọ́ tìlẹ̀kùn. Ó mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n kí ìlà kìíní tó parí, Gbohùngbohùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un sọ, ó sì kún ibi tó yẹ kó ṣófo.

“Bàbá, ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ni mo nílò yín fún,” ni Moróunkéjì wí. “Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀.”

Gbohùngbohùn gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Moróunkéjì na ọwọ́ láti kàn án, ọwọ́ ti kúrò lára okùn, orin sì já. Wọ́n tún un ṣe, ó tún já. Ọwọ́ méjì ni ènìyàn ní, gìtá sì ti gba méjèèjì.

Moróunkéjì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ṣòro fún un láti sọ ọ́.

“Ẹsẹ̀ nìkan ló kù,” ó wí.

Orí àga dàrú. Ẹsẹ̀ kẹ̀? Ta ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀? Kòkòrò ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Gbohùngbohùn ní wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun rí láti ìgbà tí òkè ti wà. Atọ́hùn ní kí wọ́n tilẹ̀ yọ ti ìwọ̀sí kúrò, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara àwọn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn á fọ́.

Ògúnríndé kò gbọ́ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó rí i tí àga ń mì. Ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Moróunkéjì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe: gìtá, ọwọ́ méjì, ilẹ̀, ẹsẹ̀. Ó yé ọkùnrin àgbà náà. Ó wá sí iwájú àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá tiwọn dọ́gba.

“Etí mi ti lọ,” ó wí fún wọn. “Ilẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ràn báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, àfi kó sọ̀kalẹ̀ wá. Èmi náà sọ̀kalẹ̀ kí n tó gbọ́.”

Abúramúramù ló kọ́kọ́ mira. Ó ronú nípa ẹnu rẹ̀, ẹnu tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù. Ó ronú nípa ẹwìrì àti adìẹ àti ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà odò. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó sì jókòó sórí ilẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkùnrin àgbà náà. Panumọ́ tẹ̀lé e. Atọ́hùn sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó yá, Gbohùngbohùn náà sọ̀kalẹ̀, ó rọra ń bọ̀ bí ó ti yẹ àgbà.

Ni Ògúnríndé bá mú òòlù rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni, apá rẹ̀ ṣì ká a. Ó lu irin títí ó fi fẹ̀, ó ká a, ó sì rọ ẹ̀wù irin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tí ẹsẹ̀ kankan kò lè fọ́. Bí ó ṣe ń fi ẹ̀wù náà wọ̀ wọ́n, ẹnu wọn pa dé. Ihò méjì péré ló dá sí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tí ohùn á gbà wọlé, ọ̀kan tí á gbà jáde.

Ó wá rí i pé ọmọ òun kò ní mọ ẹni tó jí àti ẹni tó sùn, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó fi ẹ̀mú mú ẹyin iná tó kéré bí ọkà bàbà, ó sì fi í sí iwájú orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó máa pọ́n bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jí. Iṣẹ́ ìkẹyìn tí òòlù Ògúnríndé ṣe nìyẹn.

Oṣù tuntun lé. Gbogbo alágbẹ̀dẹ Òkè-Ẹwìrì pé jọ ní ọ̀sán. Ògúnríndé jókòó sáàárín wọn, òòlù wà lórí itan rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán sì wà lórí ilẹ̀. Moróunkéjì dúró ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró sí. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ Atọ́hùn, ó tún okùn ṣe. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ Abúramúramù. Ẹyin iná iwájú orí rẹ̀ pọ́n. Ó tẹ Panumọ́. Ó sì bẹ̀rẹ̀.

*Alágbẹ̀dẹ, rọra lù ú.*

Abúramúramù bú u láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ògiri mì, ilẹ̀ mì, eruku dìde. Ìlà náà parí, Panumọ́ sì tìlẹ̀kùn. Ibẹ̀ dá wáí. Kò sí híhó, kò sí gììrì gììrì, kò sí nǹkan kan.

Ojú Ògúnríndé là.

*Irin náà ní ẹ̀mí nínú.* Ilẹ̀ mì. Ibẹ̀ tún dá wáí.

Ọkùnrin àgbà náà ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. *Alágbẹ̀dẹ, sinmi ná.* Nígbà tí ìlà yìí parí, tí ìdákẹ́ dé, ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀. Òòlù gòkè, ó sì bọ́ sórí irin ní ibi tó yẹ kó bọ́ sí.

Gbàgà.

Nínú ẹ̀wù irin rẹ̀, Abúramúramù gbọ́ òòlù náà ketekete, nítorí òun kò hó ní àkókò náà.

“Àwẹ̀ró,” ni Ògúnríndé wí. “Bó ṣe máa ń dúró dè mí nìyẹn. Bó ṣe máa ń dúró dè mí gan-an nìyẹn.”

Moróunkéjì ta ìlà tó kù. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó na ẹsẹ̀, ó sì rọra tẹ Gbohùngbohùn. Àgbà náà gba ọ̀rọ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ: ti ń tutù, ti ń tutù, ti ń tutù, ó ń kéré sí i nígbàkígbà tó bá tún un sọ. Àwọn tó ní etí ti parí gbígbọ́ tiwọn. Ògúnríndé kò tí ì gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó di ojú méjèèjì, ó ń bá a lọ títí ó fi dé ibi tó tán sí.

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sì fi òòlù lé ẹni tó kàn lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àpótí ohùn ti ń gbé orí ilẹ̀, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù irin, tí wọn kì í sì í jí àfi bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Ẹyin iná alágbẹ̀dẹ ló ń pọ́n níwájú orí wọn. Láti ọjọ́ náà ni Atọ́hùn ti ń súnmọ́ gìtá jù, tí Gbohùngbohùn sì ń sọ ọ̀rọ̀ àgbà ní ìkángun. Láti ọjọ́ náà sì ni Abúramúramù kì í fẹ́ jókòó níbikíbi tí Panumọ́ kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta orin líle, tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ fetí sí àárín ìró kan sí èkejì. Ẹ ò ní gbọ́ ohunkóhun níbẹ̀. Panumọ́ ló wà lẹ́nu iṣẹ́.